Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

 

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà ní Costain tí kò mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́. Mọ́tò á dì pa, èrò á máa sáré wọ bọ́ọ̀sì. Kí èèyàn tó mọ̀, wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Owó fóònù nìkan kọ́ ló máa ń dunni o. Nọ́ńbà oníbàárà, orúkọ àwọn tó kó ọjà àwìn, iye tó kù lọ́wọ́ wọn, gbogbo ẹ̀ ló bá olè lọ. Ta la fẹ́ lọ bá, nígbà tí a ò rántí iye tó jẹ?

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, inú síìmù ni nọ́ńbà wà. Bí síìmù bá lọ, ó parí nìyẹn. Ayé ti yí. Ohun tí a bá bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù ní sọ́ọ̀bù, a lè parí ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì nílé, láìtún un kọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e kiri, bí dátà bá ti wà. Fóònù wá dà bí ilẹ̀kùn lásán: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a gba òmíràn wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe mẹ́ta yìí. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ń fi nọ́ńbà pamọ́, ẹ fi í sínú àkáǹtì Google yín, kì í ṣe sínú síìmù. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ kọ àkọsílẹ̀ àwìn sínú Google Sheets, kí ọmọ yín bá yín ṣírò ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, WhatsApp: láti ọdún 2015 ló ti ṣeé ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, yàtọ̀ sí fóònù yín gan-an, ó lè wà lórí ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn. Bí ìyá bá lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, ọmọ tó wà ní sọ́ọ̀bù á máa dá oníbàárà lóhùn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó bá pọ̀, ẹ ṣọ́ ọ o. Ẹni tó ṣí WhatsApp ní kafé tí kò tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn. Wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ máa yẹ ibi tí wọ́n kọ “Linked devices” sí wò, kí ẹ yọ ẹ̀rọ tí ẹ ò bá mọ̀ kúrò. Ẹ fi píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà tì í. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín fún òun, olè ni, ì báà ní báńkì lòun ti ń pè.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé lèyí. A ò gbà. Àwa tí à ń ṣírò èrè lórí láìlo bírò, kí ló lè ṣòro fún wa níbẹ̀?

A ń bẹ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wa, ẹ yan ọjọ́ ìpàdé kan, kí àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n wá kọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má ju ìwé àwìn nù o. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.