Àrùn Ìfun Ni, Kì Í Ṣe Àrùn Ẹsẹ̀: Èsì fún Àwọn Tó Ní Kò Sí Rọmọlápá-Rọmọlẹ́sẹ̀ Níbi Tí Kò Sí Arọ

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jẹ́ àrùn ìfun. Ẹnu ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé, inú ọ̀fun àti ìfun ló ti ń pọ̀ sí i, ìgbẹ́ ló sì ń bá jáde. Nínú nǹkan bí 200 èèyàn tí kòkòrò náà bá wọ̀ lára, ẹyọ kan péré ni apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ láìpadà bọ̀ sípò. Nínú àwọn yòókù, ibà díẹ̀, ọ̀fun dídùn tàbí inú rírun lè ṣe àwọn kan. Èyí tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé ohun kan ṣe wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó rọ àti ẹni tí kò rọ, gbogbo wọn ni kòkòrò yóò máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ kò rí báyìí. Láti Èsìẹ́ dé Òmù-Àrán, àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni àrùn náà lójú wọn, ohun tó kan ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá: abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọmọ ní ìdí, ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oríta, tàbí ọwọ́ ayé. Láti inú èrò yìí ni èkejì ti yọ, èkejì ló sì léwu jù: pé ibi tí kò bá ti sí ọmọ tó rọ, àrùn kò sí níbẹ̀. Òun ló ń mú kí ìyá dojú kọ àwọn tó gbé kúlà àjẹsára kọ́ èjìká pé, “Ẹ ṣebí ẹ ti kán an fún un lẹ́ẹ̀kan. Ta lẹ rí tó rọ ní àdúgbò yìí?” Èrò méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé-ìwádìí ló fi hàn bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á ní ogójì ọdún.

Ti ọwọ́ ayé ló yẹ kó kọ́kọ́ gba èsì. Yorùbá mọ arọ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni òrìṣà ni, Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ibà mú, tí kò sì lè dìde mọ́ lọ́jọ́ kẹta, kò sí lára àwọn tí Ọbàtálá mọ bẹ́ẹ̀. Àlàfo yìí ni ọ̀rọ̀ ayé ń gbà wọlé. Àwọn Hausa ní tiwọn pẹ̀lú: ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní Inna ni wọ́n ní ó ń gba ẹsẹ̀ ọmọ. Ní Èsìẹ́, tí ìtàn ìlú ti sọ pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló di àwọn ère òkúta tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní 1945, kò ṣòro rárá láti gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè mú ẹsẹ̀ èèyàn dákẹ́.

Ọdún 1908 ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí gbangba. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, àrùn yìí pa ọmọkùnrin ọlọ́dún 9 kan. Karl Landsteiner àti Erwin Popper lọ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sì gún un sí ikùn ọ̀bọ méjì. Ọ̀bọ méjèèjì ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n la ọ̀pá ẹ̀yìn wọn wò, ìbàjẹ́ tó wà níbẹ̀ bá ti ọmọ náà mu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùwádìí fi asẹ́ tí bakitéríà kankan kò lè gbà kọjá sẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀. Èyí tó jò jáde ṣì mú ẹsẹ̀ ọ̀bọ rọ. Ohun tó kéré ju bakitéríà lọ ló wà nínú rẹ̀: fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ṣì ní ọwọ́ ayé ni, kó sọ ayé tó ń bá ọ̀bọ jà ní Vienna.

Síbẹ̀, kì í ṣe ará ilé nìkan ló ń wo ẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà tẹjú mọ́ ibi tí ìbàjẹ́ ti hàn, wọ́n sì ṣìnà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Simon Flexner, ọ̀gá Rockefeller Institute ní New York, ń gbé kòkòrò náà láti ọpọlọ ọ̀bọ kan dé ọpọlọ òmíràn, títí èyí tó ń lò fi di kòkòrò tí kò mọ ibòmíràn í gbé mọ́ ju inú ọpọlọ àti iṣan ọpọlọ lọ. Ó wá pinnu pé imú ni àrùn ń gbà wọlé, tó ń ti ibẹ̀ lọ tààrà sí ọpọlọ. Ní Sweden, láti 1911, Carl Kling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí kòkòrò náà nínú ìfun àwọn tó kú, àti lára àwọn tó wà nítòsí aláìsàn tí ara tiwọn le koko. Ọ̀rọ̀ Flexner ló borí, nítorí ẹnu tirẹ̀ ló tólẹ̀. Ní 1936, Albert Sabin àti Peter Olitsky gbìyànjú láti mú kòkòrò náà dàgbà nínú ìgò; inú ẹran ọpọlọ nìkan ló ti dàgbà. Irú èyí tí Flexner ti sọ di ará inú ọpọlọ ni wọ́n lò, kò sì lè sọ ohun mìíràn fún wọn. Àwọn ọmọ Toronto ní Canada ló jìyà èrò pé imú ni àrùn ń gbà wọlé. Ní 1937, wọ́n fọ́n omi zinc sulphate sí imú nǹkan bí 5,000 ọmọ láti dínà mọ́ àrùn. Kò dí i, àwọn kan nínú wọn kò sì gbóòórùn mọ́ láé.

Ìgbẹ́ ló tú àṣírí. Láti 1938, James Trask, John Paul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Yale ń wá kòkòrò náà nínú ìgbẹ́ èèyàn, wọ́n sì ń rí i, ti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò rọ rárá pẹ̀lú. Wọ́n tún rí i nínú omi ìdọ̀tí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ìlú ńlá jáde. Ní 1941, Sabin fúnra rẹ̀, òun àti Robert Ward, yẹ òkú àwọn tí àrùn náà pa wò, wọ́n sì wá kòkòrò náà káàkiri ara. Ó wà ní ọ̀fun, ó wà ní ìfun, ó wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò sí ní imú. A kì í sábà rí onímọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ohun tó mọ.

Ẹ̀rí kan ló kù: kí a rí kòkòrò náà kó dàgbà níbi tí kò ti sí iṣan ọpọlọ. John Enders, Thomas Weller àti Frederick Robbins ló ṣe é ní ilé ìwòsàn ọmọdé ní Boston. Weller ti gbé ẹran ara ọlẹ̀ sínú ìgò fún ìwádìí àrùn mìíràn. Ìgò mélòó kan ṣẹ́ kù, kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sì wà nínú fírísà nítòsí, ni wọ́n bá kán an sí i. Ó dàgbà nínú awọ àti ẹran ara, ó sì dàgbà nínú ìfun. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní Oṣù Kìíní 1949, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954. Ohun tí ọ̀bọ ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sọ, ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ mélòó kan sọ ọ́. Àwọn tó ń pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan, kí wọ́n fi èyí kún un: ní 1953, Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní Alabama, ló ń pèsè sẹ́ẹ̀lì HeLa tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò fún àjẹsára Jonas Salk. Ara Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kú ní 1951, ni sẹ́ẹ̀lì náà ti wá.

Ní 1952, Dorothy Horstmann ní Yale àti David Bodian ní Johns Hopkins, olúkúlùkù lọ́tọ̀, fi kòkòrò náà sí ẹranko lẹ́nu, wọ́n sì rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ẹsẹ̀ tó rọ. Ọ̀nà náà wá hàn: ẹnu, ìfun, ẹ̀jẹ̀, àti pé nínú ìwọ̀nba díẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Láàárín àkókò yìí kan náà ni wọ́n rí i pé kòkòrò náà ní ẹbí. Gilbert Dalldorf àti Grace Sickles rí èyí àkọ́kọ́ nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Coxsackie, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1948. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí wọ́n pè ní echo dé, tí ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tí ohunkóhun kò ṣe. Bí ara ṣe le kò sọ ohun tó wà nínú ìfun.

Ti abẹ́rẹ́ gba sùúrù, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ibà ló máa ń ṣáájú rírọ. Ibà ni ìyá rí tó fi gbé ọmọ lọ sí kẹ́mísìtì, abẹ́rẹ́ ibà ni wọ́n gún un, ọjọ́ kejì ẹsẹ̀ rọ. Abẹ́rẹ́ ló dé kẹ́yìn, òun ni wọ́n dì mú, bẹ́ẹ̀ àrùn tó pe abẹ́rẹ́ wá ti wà lára ọmọ láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́tọ̀ ni ti ọmọ tí abẹ́rẹ́ bá iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó gún ló fà á. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gún nìkan ló ń kàn, kòkòrò kankan kò sì lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀kẹta ló da orí àwọn dókítà rú, títí di nǹkan bí 1950, tí ìṣirò láti Melbourne àti London fi hàn pé bí kòkòrò bá ti wà lára ọmọ, apá tàbí ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gún ló sábà máa ń rọ. Ní 1998, Matthias Gromeier àti Eckard Wimmer lo eku láti fi ìdí rẹ̀ hàn: ẹran ara tí abẹ́rẹ́ ṣe léṣe ń jẹ́ kí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tètè gba iṣan gòkè lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ lè yan ẹsẹ̀ tí yóò rọ. Kò lè dá àrùn sílẹ̀. Ọmọ tí kòkòrò náà kò sí nínú rẹ̀, bí wọ́n gún un ní ogún abẹ́rẹ́, kò lè tipa bẹ́ẹ̀ ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu ní ojúlé-dé-ojúlé kò sì ní abẹ́rẹ́ rárá.

Àwọn tó kàwé ní àṣìṣe tiwọn: pé ọmọ Áfíríkà kì í sábà rọ. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà á títí wọ àwọn ọdún 1970. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ ti ń kó kòkòrò náà nígbà tí ààbò tó bá ẹ̀jẹ̀ ìyá wá ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà arọ kò lè pọ̀. Ní Danfa, lẹ́bàá Accra ní Ghana, àwọn olùwádìí kò jókòó de aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n lọ ka àwọn ọmọ tó ń tiro. Èsì wọn jáde ní 1977: nǹkan bí ọmọ 7 nínú 1,000 tó ti tó ilé ẹ̀kọ́ lọ ni àrùn yìí ti sọ di arọ. Wọ́n pọ̀, kò sẹ́ni tó kà wọ́n ni.

Lónìí, ilé-ìwádìí méjì ló ń wá kòkòrò náà nínú ìgbẹ́ fún Nàìjíríà, ọ̀kan ní Maiduguri, èkejì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ilé-ìwádìí 16 tí Oyèwálé Tòmórì, tí wọ́n bí ní Iléṣà, kó jọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹkùn Áfíríkà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO), láàárín 1994 sí 2004. Bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ ní Èsìẹ́, ìgbẹ́ ni òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó kéré tán wákàtí 24 wà láàárín wọn, kí ọjọ́ 14 tó pé tí ẹsẹ̀ ti rọ. Inú kúlà tó tutù ni yóò gbé e sí.

Ní ilé-ìwádìí, wọ́n á da chloroform àti ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì sí ìgbẹ́ náà, wọ́n á gbò ó dáadáa, ẹ̀rọ á yí i kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè rẹ̀ ni wọ́n á sì kán sí sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjì. RD ti ara èèyàn wá, ọ̀pọ̀ kòkòrò ìfun ló sì lè pa á. L20B jẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn kan sí lára, èyí tí kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń gbà wọlé. Bí RD bá kú tí kò sí ohun tó ṣe L20B, ẹbí Coxsackie tàbí echo ni wọ́n ń fura sí. Bí L20B bá ká roboto tó ń já kúrò lára gíláàsì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n á ka àbùdá kòkòrò náà. Àbùdá yìí ń yí padà ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nítorí náà ẹni tó bá kà á lè mọ ibi tí kòkòrò ti wá àti iye ọdún tó ti fi ń rìn kiri.

Bí wọ́n ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Borno nìyẹn. Láti Oṣù Keje 2014, Nàìjíríà lo ọdún méjì láìrí ọmọ kan tí ojúlówó kòkòrò náà, èyí tí kò ti inú àjẹsára wá, rọ, WHO sì yọ orílẹ̀-èdè yìí kúrò lára àwọn tí àrùn náà fìdí kalẹ̀ sí ní Oṣù Kẹsàn-án 2015. Ní Oṣù Kẹjọ 2016, wọ́n rí ọmọ méjì tó rọ ní Borno, níbi tí ogun Boko Haram kò ti jẹ́ kí àwọn olùkán àjẹsára ráyè wọlé. Kí ọdún tó parí, wọ́n di mẹ́rin. Àbùdá kòkòrò tó wà nínú ìgbẹ́ wọn fi hàn pé ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni èyí tí wọ́n rí kẹ́yìn ní Borno kan náà ní 2011. Ọdún márùn-ún ló fi ń lọ láti ìfun dé ìfun, láìsí arọ kan tí ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó ń bi àwọn olùkán àjẹsára pé ta ni wọ́n rí tó rọ, Borno ti dá a lóhùn. Ọjọ́ 25 Oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé ojúlówó kòkòrò náà ti tán ní Áfíríkà.

Àwọn alátakò á ní àjẹsára náà pàápàá ń rọ ọmọ. Wọn kò parọ́, wọn kò sì sọ ọ́ tán. Kòkòrò tí a ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú oògùn ẹlẹ́kán, ó sì ń bá ìgbẹ́ jáde bíi ti ojúlówó. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti gba àjẹsára, ibẹ̀ ló ń kú sí. Níbi tí wọn kò ti gbà á, yóò máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ti òmíràn fún ìgbà pípẹ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Àríwá Nàìjíríà rí irú rẹ̀ láti 2005, oríṣi kejì nínú oríṣi mẹ́ta tí kòkòrò náà ní. Àwọn ọmọ tí kò gba àjẹsára tó ni ó ń rọ jù. Láti 2021 ni wọ́n ti ń lo oògùn tuntun kan, nOPV2, tí kòkòrò inú rẹ̀ kì í tètè yí padà.

Afghanistan àti Pakistan nìkan ni ojúlówó kòkòrò náà ṣì fìdí kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n gbígba ìgbẹ́ kò tí ì dúró ní Nàìjíríà. Àwọn àrùn mìíràn wà tó máa ń ṣàdédé mú ẹsẹ̀ ọmọ rọ, ẹbí Coxsackie náà sì wà lára wọn, nítorí náà ibikíbi tí wọ́n bá ń wá ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí àrùn náà ti jà, ọmọ 2 ó kéré tán nínú 100,000 tí kò tí ì pé ọdún 15 ni WHO fi ṣe ìwọ̀n lọ́dọọdún. Ìpínlẹ̀ tó bá kọ òdo ránṣẹ́, wọn kì í kí i kú oríire. Wọ́n ń rán èèyàn lọ yẹ ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ wò, bóyá kò sí ẹni tó wò ó ni.