Ẹ Kọ Lẹ́tà Náà



Ìyá kan ní Bermondsey sọ fún mi pé, "Àǹtí, tíṣà ní ká ṣì ní sùúrù." Ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́fà, kò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọdún méjì kọjá báyẹn.

Mo ti ń bá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tipẹ́. Òfin Children and Families Act ti 2014 fún ẹ̀yin òbí láyè láti kọ̀wé sí káńsù fúnra yín, pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ohun tí ọmọ nílò. Kò dìgbà tí ilé ìwé bá fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ 6 ni káńsù ní láti fèsì. Bí EHC plan bá tọ́ sí ọmọ, ó yẹ kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 20. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gbé e lọ sí Tribunal. SENDIASS àdúgbò yín á ràn yín lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀.

A jọ kọ lẹ́tà náà ní kíṣìnì rẹ̀: ohun tí ọmọ lè ṣe, ohun tó ṣòro fún un, déètì lókè. Ó tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tọmọ yín ńkọ́?