Bí Gìtá Bàbá Mọ́kọ́lá Ṣe Tún Fọhùn

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí ti ìnáwó ilé ló gbà mí lọ́kàn. Ohùn gìtá kan ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982 á mọ ohùn tí mò ń wí. Bí àwọn gìtá yòókù ti ń bá ara wọn jiyàn, tí gángan ń dá sí i, ohùn kan á kàn yọ́ wọlé láti òkè, á fà gùn, á rọ̀, á tún gòkè bí ẹni tó ń mí kanlẹ̀. Pedal steel guitar ni wọ́n ń pè é. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á nínú ẹgbẹ́ Sunny nígbà náà, òun náà sì ni Paul Simon pè kó wá ta á sínú orin tó fi sọ àwo Graceland rẹ̀ lórúkọ ní ọdún 1986.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Mọ́kọ́lá nítorí àdúgbò tí wọ́n ń gbé n'Íbàdàn, ní irú gìtá yìí kan. Wọ́n rà á ní àlòkù lọ́wọ́ ọ̀gá wọn kan, láyé ìgbà tí àwọn náà ń bá ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan ṣeré káàkiri òde ìnáwó. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni amplifier wọn kú. Iná mànàmáná ló ṣàdédé dé lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́, èéfín sì sọ. Ẹni tó ní òun yóò tún un ṣe gba owó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a padà pẹ̀lú òórùn jíjó kan náà. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti fi ògbólógbòó aṣọ òkè kan bo gìtá ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, wọn kò sì tún jókòó sí ìdí rẹ̀ mọ́. Àlejò tó bá wọlé á gbé fìlà lé e lórí, á ṣe bí ẹni pé tábìlì ni.

Ní oṣù tó kọjá ni Màmá Mọ́kọ́lá pé ẹni ọdún 70. Bọ́lá, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, kò rí àyè wá, ṣùgbọ́n ó fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́, èyí tí kò tóbi ju ìwé atúmọ̀-èdè lọ. Ó ní kí Bàbá fi ta orin kan fún ìyá òun, orin tí Bàbá ń ta lábẹ́ fèrèsé ilé àwọn Màmá nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn sọ́nà. Wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá tò ó, torí èmi ni ọmọ kọ̀ǹpútà inú ẹbí. Ìmọ̀ èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì o, ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè?

Amp modeler ni orúkọ irú àpótí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Ohùn gìtá á wọlé, àpótí á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á ṣírò ohun tí amplifier, sípíkà àti máíkì tó wà níwájú sípíkà ì bá ti ṣe sí i, á sì dá nọ́ńbà náà padà di ohùn. Ọ̀kẹ́ àìmọye ohùn ni wọ́n ti tò sínú rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń gbé gìtá kọ́rùn, tí wọ́n fẹ́ kí tiwọn máa bú ramúramù, ni wọ́n tò ó fún. Nígbà tí a kọ́kọ́ tàn án, ohùn tó jáde dà bí ẹ̀fọn inú agolo. Bàbá gbé irin kúrò lórí okùn.

"Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí, "èyí kì í ṣe ọwọ́ mi."

Wọ́n dìde, wọ́n sì tún fa aṣọ bo gìtá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ ìbí pé.

Ó di dandan kí n mọ bí gìtá náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kí n tó lè mọ ohun tó ń ṣe é. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, olórin á sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn mẹ́wàá ló wà lórí ti Bàbá. Ọwọ́ òsì á máa fa ọ̀pá irin dídán kan gba orí okùn kọjá, ọwọ́ ọ̀tún á wọ èékánná irin, á máa fi ta á. Àwọn ará Hawaii ló kọ́kọ́ ń fi irin ta gìtá báyìí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá fi pẹ́dàlì sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá tí orúnkún ń tì, tó fi jẹ́ pé okùn kan lè máa gòkè nígbà tí èkejì rẹ̀ dúró sójú kan. Orin "Slowly" tí Webb Pierce kọ, tó gbajúmọ̀ ní ọdún 1954, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, láti ọwọ́ Bud Isaacs. Orin àwọn ará oko Amẹ́ríkà ni. Bí ó ṣe wá bá jùjú mu tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mìíràn. Èrò tèmi ni pé etí Yorùbá kò lè kọ ohun èlò tó mọ bí a ti ń gba ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè láìgé e.

Ohun tó ya mí lẹ́nu jù ni ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá kì í kúrò lórí pẹ́dàlì kan tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù, èyí tó ń dín ohùn kù tó sì ń fi kún un. Okùn tí a bá ta máa ń ké lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bàbá kì í tẹ pẹ́dàlì náà dópin nígbà tí wọ́n bá ń ta okùn, ìdajì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bí ohùn bá wá ń kú lọ, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀díẹ̀, tí etí kò fi ní mọ̀ pé ohunkóhun ń kú. Ibẹ̀ ni gígùn ohùn yẹn ti ń wá. Ibẹ̀ náà sì ni àpótí ti ń bà á jẹ́. Nínú ètò tí a lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi ohun kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní noise gate, ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ni ká pè é. Bí ohùn bá ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, á pa ilẹ̀kùn dé kí ariwo wáyà má baà gbọ́ síta. Gbogbo ìrù ohùn tí Bàbá ń fi ẹsẹ̀ tọ́jú, ẹ̀ṣọ́ yìí ń gé e sọnù. Mo lé e kúrò. Mo lé gbogbo ohun tó kù nínú ètò náà kúrò pẹ̀lú, ohun tó ń mú ohùn ya àti èyí tó ń fún un pọ̀, títí ó fi ku amplifier kan ṣoṣo.

Amplifier tí mo yàn ni àfarawé Twin Reverb ti Fender, nítorí pé bí o bá gbé e sókè tó, ohùn rẹ̀ kì í tètè ya. Mo tún dín agbára tó ń wọ inú àpótí kù. Wáyà tí wọ́n yí mọ́ ohun tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn gìtá onípẹ́dàlì sábà máa ń pọ̀ ju ti gìtá lásán, nítorí náà ohùn rẹ̀ lágbára gan-an. Amplifier ayé àtijọ́ tó bá yó á kàn gbóná díẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ á tiẹ̀ tún dùn sí i. Nọ́ńbà kò mọ ìyẹn. Tó bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ó wá ku sípíkà. Àfarawé sípíkà tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12 ló wà nínú ètò náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gìtá yìí ló fẹ́ràn ínǹṣì 15, irú èyí tó wà nínú Peavey Nashville 400. Mo wá èyí tó jọ ọ́ sí i. Mo gé ohun gbogbo tó bá ga ju 5,000 Hz lọ, mo sì dín àyíká 800 Hz kù, torí ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde bí ẹni tó dí imú sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, dídínkù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un.

Èmi náà ṣe àṣìṣe ńlá kan. Òru ni mo ń ṣe gbogbo èyí, pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dífóònù létí, kí n má baà jí ará ilé. Ó dùn mọ́ mi létí débi tí mo fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé e sórí sípíkà ńlá ní àgbàlá, ohùn náà sì gún wa létí bí abẹ́rẹ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí ohùn bá kéré, etí wa kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ dáadáa, ẹni tó ń tò ó á sì máa fi kún un. Bí wọ́n bá wá gbé e sókè ní òde ìnáwó, àfikún náà á di àpọ̀jù. A tún un tò látìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, bí ohùn òde ṣe máa ń ròkè, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìnkùlé. Ìyá aládùúgbò kan wá béèrè bóyá a ti bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ.

Síbẹ̀, Bàbá ní ó ṣì ku nǹkan kan. Wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóde kan nígbà èwe wọn. A gbọ́ ọ. Mo wá fi fóònù gba ohun tí wọ́n ń ta lọ́sàn-án ọjọ́ náà sílẹ̀, a sì gbọ́ ìyẹn náà. Mo ti mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹnu mi ni kò gbà á láti sọ. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ìrin náà ń mì lórí okùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, dọ́gbadọ́gba. Nínú fóònù, á mì, á dákẹ́, á tún sáré. Ohùn àpótí ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi síbi tí ọwọ́ lè sá pamọ́ sí.

Bàbá wo ọwọ́ òsì wọn fún ìgbà díẹ̀. "Àpótí rẹ kò ṣe nǹkan kan, Àṣàkẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi fìlà àlejò sórí iṣẹ́ mi."

Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi reverb púpọ̀ sí i, kí ohùn lè tàn ká, kó bo ibi tó ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Má rì mí sómi. Fi díẹ̀ sí i, bí ẹni ń ṣeré nínú pálọ̀." Díẹ̀ náà ni mo fi sí i. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Bàbá á ṣí aṣọ, wọ́n á máa fa irin lórí okùn kan ṣoṣo fún bí ìdajì wákàtí láìta orin kankan. Màmá rò pé wọ́n ń tún gìtá ṣe ni.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé àkàrà òyìnbó tán, Bàbá jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà. Màmá ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, ọ̀rọ̀ sì dá mọ́ wọn lẹ́nu. Wọn kò sunkún bí a ti rò. Wọ́n tẹ́tí dópin, wọ́n wá rìn lọ bá Bàbá.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ ti gbàgbé ibi tó ti ń yí."

"Níbo?"

Màmá fi ẹnu kọ ọ́, àárín orin náà gan-an ni. Lóòótọ́ ni Bàbá ti fò ó. Wọ́n tún orin náà ta látòkè délẹ̀, wọ́n sì yí i níbi tó yẹ, gbogbo òde sì hó.

Mo ti fi orúkọ Màmá pamọ́ ètò náà sínú àpótí, mo sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi, nítorí iná mànàmáná ìlú wa. Nígbà tí mo dé Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, aṣọ òkè yẹn ti kúrò lórí gìtá. Wọ́n ti lẹ bébà kan mọ́ orí àpótí, Bàbá sì fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹ MÁ FỌWỌ́ KAN BỌ́TÌNÌ KANKAN. ÀṢÀKẸ́ NÁÀ.