Jíìpù Tòkunbọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé: Ohun Tó Yẹ Kí A Bèèrè Kí Owó Tó Jáde

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Kí òfin náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó gba ojú títì wọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, èbúté inú orílẹ̀-èdè wa nìkan ni ọ̀nà tó bófin mu. Àyípadà yìí kan ará Ẹ̀rìn-Ilé, ará Ọ̀fà àti gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ará Èkó, nítorí pé ẹni tó jìnnà sí èbúté ni kì í mọ bí ọkọ̀ ṣe dé. Ọkọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n ti kùn, ni yóò kàn bá pàdé.

Àyípadà kejì ló wá ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Jíìpù tí ọmọ wa kan rà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní $8,000 ì bá jẹ́ nǹkan bí ₦3,700,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan kò tíì tó ₦470 ní ọjà ìjọba. Ní ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kan kọjá ₦1,500, ọkọ̀ kan náà ti di mílíọ̀nù 12 náírà, kí a tó san owó ọkọ̀ ojú omi, kí a tó san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, kí a tó san owó ẹni tí yóò wà á láti Èkó wá sílé.

Nígbà tí owó ńlá bẹ́ẹ̀ bá wà nílẹ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo lè gbé owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ lọ. Ìjọba kò fẹ́ yan ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a kó àwọn ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè jọ sí ojú kan, kí ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń bá a rà láti òkè òkun lè jọ mọ̀ wọ́n.

Ìdí tí ìdílé fi ń fẹ́ jíìpù kì í ṣe ti afẹ́ nìkan. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa rántí Pijó 504 onífàgùn, irú èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975. Ọkọ̀ yẹn a kó bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́fà, a tún kó iṣu lẹ́yìn. Nígbà tí Pijó tán lójú títì, ọkọ̀ kékeré oníjókòó márùn-ún kò lè dí àyè rẹ̀. Ìdílé Ẹ̀rìn-Ilé tó bá ń lọ sí ìsìnkú ní Ìlọrin, tó bá ń gbé ọmọ lọ sí Pólì ní Ọ̀fà, tó sì tún ní oko tí ọ̀nà rẹ̀ kò ní ọ̀dà, ó ní ìdí tó fi ń wo ọkọ̀ gíga oníjókòó méje. Ìdí náà tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí a rà á nítorí pé aládùúgbò rà á. A kì í wo ago aláago ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń rà. Toyota RAV4, Toyota Highlander, Honda CR-V, Honda Pilot, Lexus RX: jíìpù ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n crossover ni àwọn tó ṣe wọ́n ń pè wọ́n. Jíìpù gidi ní férémù irin lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Crossover kò ní in. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gbé ga, tí wọ́n sì fẹ̀ ni. RAV4 jáde ní ọdún 1994, CR-V tẹ̀lé e ní 1995, nígbà tí Highlander sì dé lẹ́yìn wọn, orí ìpìlẹ̀ Camry ni wọ́n mọ ọ́n lé. Nítorí náà, ó ga tó láti la kòtò àdúgbò kọjá: abẹ́ Highlander ọdún 2010 fi nǹkan bí íǹṣì 8 ga ju ilẹ̀ lọ, ti Camry ọdún kan náà jẹ́ íǹṣì 5 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń fi kó àpò sìmẹ́ǹtì, kì í sì í ṣe èyí tí a ń tì bọ inú ẹrẹ̀ oko ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ piki-ọ́ọ̀pù ló bá a mu.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ epo. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ọ̀pọ̀ jíìpù tó wà níta ní oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin àti onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ìyàtọ̀ wọn sì ni àwọn ènìyàn kì í bèèrè. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, Highlander ọdún 2010 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ń mu bíi lítà 10.7 fún 100 kìlómítà. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà ń mu bíi 12.4. Ẹni tó bá ń rin 1,500 kìlómítà lóṣù yóò fi bíi lítà 25 lé e lórí. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ náà, lítà 25 kò tó ₦5,000 ní ilé epo ìjọba. Bí a bá ka lítà kan sí ₦900, ó di ₦22,500 lóṣooṣù. Lójú tiwa, ẹni tí kò bá ń kó ènìyàn méje rin ìrìn àjò gígùn déédéé kò nílò púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, bó ti wù kí ìró rẹ̀ dùn tó.

Ẹ́ńjìnnì náà tún ní ohun mìíràn nínú. Honda Pilot, àti Highlander onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà tí wọ́n ṣe kí ti ọdún 2008 tó dé, bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń darí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ṣéènì. Bẹ́líìtì yìí ní ọjọ́ orí: nǹkan bíi máìlì 90,000 sí 105,000 ni wọ́n ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Iye máìlì bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ máa ń gbé dé. Bí ti Pilot bá já lórí eré, inú ẹ́ńjìnnì yóò bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, kí ó kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí yóò san. Ní ti jíà, Nissan Murano àti Pathfinder ti ọdún 2013 sí 2020 ń lo jíà CVT. Wàhálà jíà yìí pọ̀ dé ibi tí Nissan fúnra rẹ̀ fi fi kún ọdún àtìlẹ́yìn tó ṣe fún un ní Amẹ́ríkà. Àtìlẹ́yìn yẹn kò bá ọkọ̀ dé ibí. Ìdí nìyí tí Murano tó dára lójú fi máa ń wọ́n lówó níwọ̀nba. Kì í ṣe oore ni ẹni tó ń tà á ń ṣe wá.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjì líle tí wọ́n ń pè ní Harvey kọlu Texas, omi sì bo ìlú Houston, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé. Ọkọ̀ tí omi bàjẹ́ níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò a máa san owó fún onílé ọkọ̀, a sì máa gbé ọkọ̀ náà lọ sí gbàǹjo. Níbẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ èrè yóò ti rà á. Ìjì mìíràn, Ian, ṣe bẹ́ẹ̀ ní Florida ní ọdún 2022. Ọkọ̀ tó mu omi kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wáyà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ríwáyà yóò sì di àlejò ojoojúmọ́. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ wo ìdí bẹ́líìtì ìjókòó, ẹ fà á jáde títí dé òpin, kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Ọkọ̀ tí òórùn dídùn bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ bèèrè ohun tí òórùn náà ń bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó sàn ju ojú lọ ni nọ́ńbà ṣáṣí. Àmì 17 ni, ó sì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ òsì. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà: J ni Japan, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, K ni Kòríà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015. Ẹni tó bá ń tà á ní 2013 fún yín tí àmì kẹwàá sì jẹ́ A, kò sí ohun tí ẹ tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Amẹ́ríkà. Ibùdó VINCheck ti NICB yóò sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ tàbí wọ́n jí i.

Ibi tí a ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí jùlọ rèé. Ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ló ń ṣe àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde láti inú sítíárì nígbà ìjàǹbá fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àwọ̀n kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fẹ́ àpò náà, ammonium nitrate, kì í fara da ooru àti ọ̀rinrin fún ọdún pípẹ́. Bó bá ti bàjẹ́, irin tó wà nínú rẹ̀ ni yóò fọ́, èérún rẹ̀ yóò sì bá ojú àti ọrùn ẹni tó ń wakọ̀. Ó lé ní ènìyàn 20 tí ó kú báyìí ní Amẹ́ríkà nìkan. Bíi mílíọ̀nù 67 ohun èlò yìí ni ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n pe padà, ìpepadà ọkọ̀ tó tóbi jùlọ nínú ìtàn wọn; Takata fúnra rẹ̀ wọ gbèsè ní ọdún 2017. Honda CR-V ti 2002 sí 2011 wà nínú rẹ̀, Honda Pilot ti 2003 sí 2015 wà nínú rẹ̀, Toyota RAV4 ti 2004 àti 2005 náà wà nínú rẹ̀. Ní ti CR-V 2002 àti Pilot 2003, àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2016 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà wọ́n àfi láti gbé wọn lọ sí ibi àtúnṣe.

Ẹ ro bí oòrùn wa ṣe rí, kí ẹ sì ro bí ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó lójú títì láti Ọ̀fà dé Ìlọrin. Àtúnṣe náà ọ̀fẹ́ ni ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta Honda àti Toyota ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹni tó ń rà á níbẹ̀ ni kí ó tẹ nọ́ńbà ṣáṣí sórí ibùdó NHTSA, kí ó sì gbé ọkọ̀ náà lọ fún àtúnṣe kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti ní ọkọ̀ náà lọ́wọ́ níbí lè tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ wò, kí ó sì kàn sí aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí ó má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan bá a tú sítíárì.

Táyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn lára rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò jẹ.

Ó ku ìwé. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọn kò san ní pípé ń tẹ̀lé ọkọ̀ ni, kì í tẹ̀lé ẹni tó kó o wọlé. Ní ọdún 2024, Ilé-iṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù ṣí àyè 90 ọjọ́ sílẹ̀, láti oṣù Kẹta, fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pé láti wá san án pẹ̀lú ìtanràn. Èyí fi hàn pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà káàkiri, ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló sì máa ń bá a jìyà. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ṣáṣí inú rẹ̀ wé ti ara ọkọ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ yí orúkọ ọkọ̀ padà sí tiyín ní ọ́fíìsì KW-IRS. Ọkọ̀ tó ṣì ń jẹ́ orúkọ olówó rẹ̀ àtijọ́, bí ó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ lójú títì, òun ni wọn yóò wá.

Ìwé ìdójútòfò náà ti yí padà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni èyí tí òfin sọ di dandan ti kúrò ní ₦5,000 tó sì di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni. Ó lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ẹ bá bàjẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú títì káàkiri orílẹ̀-èdè. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń ta nọ́ńbà ọkọ̀ a máa tà á mọ́ ọn. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín tó láti fi wádìí rẹ̀ ní àkójọpọ̀ NIID ti ẹgbẹ́ àwọn adójútòfò, kí ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á fún yín.