Ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ: Ewu tí ‘ẹ kú ewu’ kò tíì lé lọ

Bí ọmọ tuntun bá ti fi igbe ta, “ẹ kú ewu ọmọ” ni ará ilé àti aládùúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ. Ìkíni àtayébáyé ni, ó sì dùn létí. Àmọ́ lójú àwọn onímọ̀ ìṣègùn, ọ̀kan lára àwọn ewu tó ń pa abiyamọ jù lọ ní Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà ni lásìkò náà. Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni, nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ló sì ti máa ń ṣọṣẹ́ jù.

Ìròyìn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àwọn àjọ mìíràn gbé jáde lóṣù kẹrin ọdún 2025 sọ pé nǹkan bí 260,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ ṣekú pa lágbàáyé lọ́dún 2023. Nínú iye yìí, nǹkan bí 75,000 jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó sún mọ́ ọn.

Kò sí ìbímọ tí ẹ̀jẹ̀ kì í bá wá. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń pani. Òdiwọ̀n tí àwọn dókítà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni mílílítà 500, ìyẹn omi inú ọ̀rá ‘píọ̀ wọ́tà’ kan ṣoṣo tó jẹ́ 50cl. Bí ẹ̀jẹ̀ tó tó ọ̀rá omi kan bá fọ́n sára ẹní, àkísà àti ilẹ̀, ojú lásán kò lè mọ iye rẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ya kò ṣòro láti yéni. Níbi tí ibi ọmọ ti já kúrò lára ilé ọmọ, ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń là sílẹ̀. Ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún pọ̀, kó le bí ẹ̀ṣẹ́ tí èèyàn dì, kó tó lè pa ojú wọn dé. Bó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tí ìwé ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet gbé jáde lọ́dún 2025, tó kó 327 ìwádìí jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, fi hàn pé èyí ló ń fa nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá ìsun ẹ̀jẹ̀ náà. Èyí tó kù lè jẹ́ ojú ara tó fàya, ibi ọmọ tó ṣẹ́kù sínú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì.

Iṣẹ́ ìwádìí yìí kan náà dárúkọ àwọn tí ewu náà pọ̀ sí lára. Aláboyún ìbejì tàbí ìbẹta wà níbẹ̀, nítorí ilé ọmọ tó ti nà jù kì í tètè fún pọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá tó lókìkí fún ìbejì kò lè fojú kékeré wo èyí. Ọmọ tó tóbi jù, ibi ọmọ tó jókòó dí ọ̀nà àbájáde, iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí, àti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ti ya lára rẹ̀ rí nígbà ìbí ìṣáájú, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò lọ fún ìtọ́jú oyún rárá.

Ọ̀kan wà tó kan àwọn ìyá àgbà gan-an: abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin. Àpá tí abẹ bá fi sílẹ̀ kì í nà bí ara tí abẹ kò kàn, ó sì lè fàya lọ́jọ́ tí ọmọ ọjọ́sí náà bá fẹ́ bímọ, nígbà tí ẹni tó dá a lábẹ́ lè ti kú.

Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ní pàtàkì jù ni àìtó ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí WOMAN-2, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, lo àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Zambia. Ó hàn níbẹ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ aláboyún bá ṣe kéré tó ni ewu ìsun ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i tó. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ara ẹlòmíràn máa gbà mọ́ra sì lè gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà, aràn inú, oúnjẹ tí kò ṣara lóore àti oyún tó ń tẹ̀ léra wọn láìsí ìsinmi ló sábà máa ń fà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún kò wọ́n, àmọ́ àwọn kan máa ń dá a dúró nígbà tí wọ́n bá rí i pé ìgbẹ́ wọn dúdú. Ìgbẹ́ dúdú nídìí oògùn yìí kì í ṣe àrùn.

Ní Ìjànikin, Ìbà àti Okokomáíkò, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wọ ọ̀rọ̀ yìí. Òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, tí iṣẹ́ fífẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sílẹ̀ fún àwọn ará agbègbè náà. Abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lóru lè nílò láti dé ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní Àgbádárìgì, Ìgàndò tàbí Festac. Ti àwọn ará erékùṣù Ọ̀jọ́ tilẹ̀ tún le jù, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé ìyá àgbẹ̀bí àdúgbò. A kò lè dá wọn lẹ́bi: ó sún mọ́lé, ó mọ èdè wọn, ó sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ń forúkọ irú àwọn àgbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí àwọn àgbà inú ilé bá ní ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ló ń jáde, kí wọ́n jẹ́ kó dà tán. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rin aṣọ gbingbin léraléra kì í ṣe ìdọ̀tí.

Àwọn kan á ní ìyàwó àwọn ti bí mẹ́rin láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn ni kò ní àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ibi tí obìnrin ti bímọ fi ṣe kókó ju orúkọ ewu lọ. Lọ́dún 2023, èsì ìwádìí E-MOTIVE jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, South Africa àti Tanzania. Wọ́n fi ọ̀rá tí a sàmì òdiwọ̀n sí sábẹ́ ìyá láti gba ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un lóògùn àti omi, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro tó le gan-an dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, WHO tún ní kí wọ́n má dúró de mílílítà 500 mọ́: bó bá ti tó 300, tí ìlùkìkì ọkàn tàbí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá sì ti yí padà, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò tó ìgò mínírà 35cl kan.

Abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ fún pọ̀ nílò fíríìjì, iná mànàmáná sì nìyí. Oògùn oníhóró misoprostol, tí NAFDAC fọwọ́ sí fún ìsun ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 2006, kò nílò rẹ̀. Tranexamic acid tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tó yẹ kí bàbá àti ìyá ọkọ béèrè kí oṣù ìkúnlẹ̀ tó pé ni bóyá oògùn wọ̀nyí wà níbi tí wọ́n fẹ́ lò, ta ni yóò fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti ọkọ̀ ta ni yóò gbé e bó bá di ago méjì òru.