Kànga Epo Inú Òkun: Ṣé Ó Gbẹ Ni, àbí Ó Rẹ̀ Ẹ́?

Ní kíláàsì wa ní Markham, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé báwo ni "kànga" ṣe lè wà nínú òkun. Ìbéèrè gidi ni. Ihò tí a gbẹ́ láti fa omi la mọ̀ sí kànga. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà la fi ń pe ihò epo rọ̀bì, ì báà jẹ́ lábẹ́ òkun.

Ẹ ó pàdé ọ̀rọ̀ náà nínú ìròyìn báyìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Seplat, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ra iṣẹ́ epo tí ExxonMobil ń ṣe nínú òkun tí kò jìn, níwájú etíkun Akwa Ibom. Ọjà àtijọ́ ni wọ́n rà. Láti ọdún 1970 ni epo ti ń jáde níbẹ̀, àwọn kànga kan sì ti dákẹ́. Seplat fẹ́ jí wọn dìde.

Ẹ má rò pé wọ́n gbẹ. Nígbà tí kànga bá ṣì jẹ́ tuntun, agbára abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti epo sókè. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára yẹn á máa dínkù, omi á sì máa pọ̀ nínú epo. Omi wúwo ju epo lọ. Ohun tó kún inú páìpù á wá wúwo débi pé kò lè gòkè mọ́. Epo ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ kànga.

Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́ ni "gas lift". Èmi máa ń pè é ní fífi gáàsì gbé epo. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ti gáàsì wọ àlàfo tó yí páìpù epo ká, á gba ojú àwọn fáàfù kéékèèké wọ inú páìpù, epo á kún fún ìfófòó, á fúyẹ́, á sì gòkè. (Ẹ rántí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ mì kí ẹ tó ṣí i.)

Gáàsì tó bá epo jáde ni wọ́n sábà máa ń lò. Irú gáàsì yẹn ni Nàìjíríà ti ń sun dànù tipẹ́. Òfin ọdún 1979 ní kó dópin ní 1984, iná ṣì ń jó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gas lift ló máa pa iná yẹn. Gáàsì tí a tì wọlé ń bá epo padà jáde ni.

Mo mọ ìdí tí ìjọba fi ń kánjú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, epo rọ̀bì Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́. Olè epo pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ orí kànga náà wà níbẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni páìpù. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, páìpù tó ń gbé epo láti Idoho, ní agbègbè yìí kan náà, bẹ́. Nǹkan bí 40,000 àgbá ló dà sókun, omi sì gbé lára rẹ̀ dé etíkun Èkó. Gáàsì lè sọ kànga di alágbára. Kò lè sọ páìpù ìta di tuntun. Òfin epo ọdún 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ máa tọ́jú owó tí wọ́n ó fi dí kànga pa nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Bí ẹ bá gbọ́ pé epo ti pọ̀ sí i, owó yẹn ni kí ẹ wá nínú ìròyìn náà.