Ẹ Má Dúró ní Olú Ìlú: Adjarra Lẹ́bàá Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ó kan àwọn tí ń rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè Benin nítorí èdè àti àṣà wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, tí àwọn Ègùn onílẹ̀ sì ń pè ní Hogbonu. Wọn a wo ààfin Ọba Toffa tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọn a ya àwòrán, wọn a sì padà sílé. Lójú tèmi, ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ iyán láìfọwọ́ kan ọbẹ̀ ni. Ó yẹ kí ó tún gbéra lọ sí Adjarra.

Àjàṣẹ́ ni olú ìlú Benin lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 264,320 níbẹ̀. Adjarra wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, kò tó kìlómítà 10 sí i, ilẹ̀ rẹ̀ sì bá ti Nàìjíríà pààlà. Alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémidjan yóò gbé ènìyàn débẹ̀ láìpẹ́. Ohun méjì ni ìlú náà fi lókìkí jù: ọjà rẹ̀, àti àwọn tí ń ṣe ìlù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlù. Ìlù tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níyì, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìlù tí a kò lè lù, tí a kò sì rí ẹni tó gbẹ́ ẹ, kò lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ní Adjarra, igi ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, awọ ṣì wà níbi tí wọ́n sá a sí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé igi wo nìyí, awọ ẹran wo nìyẹn, kí ló dé tí ẹ fi fà á le tó báyìí? Nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń wọ ara ẹni: gbẹ́, họ, sá, bò, fà, dè. Ìwé gírámà lè to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, àmọ́ ọwọ́ oníṣẹ́ ni yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá.

Ọjà náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìwé àwọn Faransé sọ pé ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà Adjarra. Ọmọ Yorùbá yóò pe ọjà kan náà ní ọjà ọrọọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Ta ló ṣì í kà? Kò sí ẹni tó ṣì í kà. Bí a bá ná ọjà ní ọjọ́ Ajé, a óò tún ná an ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi ìka kà á: Ajé, Ìṣẹ́gun, Rú, Bọ̀, Ẹtì. Yorùbá ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, Faransé kò kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún ṣe jẹ́ ọjọ́ 17 lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà òyìnbó ṣírò yóò rí i pé ọjọ́ 16 ni ó fi ń yípo. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti rú lójú nínú ìwé. Lẹ́nu ọjà, kò lè pẹ́ kí ó tó yé wọn, nítorí ẹni tó bá ṣì í kà yóò bá ọjà tó ti tú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ìlú Ègùn ni Adjarra, pé ẹni tó ń wá Yorùbá kó kọjá lọ sí Sákẹ́tẹ́ tàbí Kétu. Òótọ́ ni pé Ègùn pọ̀ níbẹ̀ jù wá lọ. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ. Èdè wa kò dá gbé rí. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó la ilẹ̀ náà já. Ó pín Yorùbá sí méjì, ó sì pín Ègùn náà, ìyẹn ni Ègùn Àgbádárìgì fi wà ní Nàìjíríà lónìí. Ní Àjàṣẹ́ kan náà ni S.B.J. Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1947. Lónìí, ta ni kò mọ àwọn aláṣọ funfun wọ̀nyí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá? Ìmẹ̀kọ, ìlú Yorùbá, ni wọ́n sin olùdásílẹ̀ náà sí ní ọdún 1985. Ẹni tó bá fẹ́ gé Yorùbá kúrò lára Ègùn kí ó tó kọ́ ọ, ara kan náà ni yóò gé.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwa tí a mọ̀wé gan-an ló ń fẹ ààlà yẹn lójú sí i. Ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ń kọ iṣu àti ẹ̀pà. Ìlànà tí Benin gbé kalẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990, ń kọ ishu àti ɛ̀kpà. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń tà wọ́n kò mọ̀ pé ohunkóhun yà wọ́n. Ọmọ wọn tó dé ilé ìwé, Faransé ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀. Bó bá wá kàwé Yorùbá láti òdìkejì, lẹ́tà rẹ̀ yóò ṣàjèjì sí i. Bí a kò bá ń ṣàbẹ̀wò síra wa, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1889 ni a óò fi ọwọ́ ara wa parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ọjà. Ẹ kí àgbà kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán, ẹ sì ra nǹkan. Ẹ kọ́ ìkíni Ègùn mélòó kan lẹ́nu àwọn onílé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá tí ẹ gbọ́. Bí ẹ bá ní ìwé Yorùbá kékeré kan lọ́wọ́, ẹ fi ta ọmọ tó bá fẹ́ kà á lọ́rẹ, kí ẹ sì jọ jókòó ka ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ire o.